Ilé Là Ń Wò: Lámèyítọ́ Kékeré Lórí Ọ̀rọ̀ Náà "Ágíríìkì"

Bí ẹ bá dúró ní Ore fún wákàtí kan péré, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ore ni oríta tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin, Onitsha àti Port Harcourt ti ń dúró jẹun. Òun náà ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo. Oníbàárà á na ìka sí ìbẹ́pẹ, á ní: "Ṣé ìbílẹ̀ ni àbí ágíríìkì?" Wọ́n á bi ẹlẹ́yin bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi aládìẹ, wọ́n á bi ẹni tó to gbáàgúdá sílẹ̀. Bí ìdáhùn bá ti jẹ́ "ágíríìkì", ojú oníbàárà á yí padà. Ẹlòmíì á san owó tó pọ̀ sí i lórí èyí tí wọ́n pè ní ìbílẹ̀. Ẹlòmíì á ní òun ò rà mọ́, kẹ́míkà ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ ayé ìsìnyí, òun ló fa gbogbo àrùn jẹjẹrẹ tí à ń gbọ́.

A máa ń ṣe lámèyítọ́ ewì, a máa ń ṣe ti ìtàn àròsọ àti ti eré orí ìtàgé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà náà tó bẹ́ẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ tó ń pinnu ohun tí ìyá kan á fi bọ́ ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òní. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, ètò orí fóònù àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jẹun. Nínú iṣẹ́ wa, tí ètò kan bá dàrú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni àṣìṣe náà ti wọlé. Ẹni tó bá ní "gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí "ágíríìkì" ń ṣe fún wa nìyẹn gan-an: ó ń sọ fún wa pé gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́, kò sì sọ ibi tí ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ayé ìjọba òyìnbó ni wọ́n dá oko ìwádìí Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn, láti ibẹ̀ àti irú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń wọ abúlé. "Àwọn ará ágíríìkì" ni wọ́n ń pè wọ́n. Irúgbìn tuntun ń ti ọwọ́ wọn wá, oògùn kòkòrò ń ti ọwọ́ wọn wá, àṣẹ náà sì ń ti ọwọ́ wọn wá. Nígbà tí àrùn kòkó kan tó ń mú ẹ̀ka igi wú bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1944, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kòkó olówó iyebíye lulẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, inú àwọn àgbẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú méjì ti wà lára ọ̀rọ̀ yìí: ohun tó ń so púpọ̀, àti ohun tí ẹni tí kò bá wa sọ̀rọ̀ gbé wá fún wa. Ìfura tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìfura òmùgọ̀. Ó ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye nǹkan tí a ti kó sínú àpò kan ṣoṣo yìí ní Odigbo nìkan.

Ọ̀pẹ ágíríìkì wà. Òun ni wọ́n ń pè ní Tenera, tí iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR lẹ́bàá ìlú Benin jẹ́ kó tàn káàkiri. Wọ́n fi àtàrí ọ̀pẹ kan tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn gba ti òmíràn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èèpo èkùrọ́ rárá, ọmọ tí wọ́n bí sì wá ní ẹran ara púpọ̀ àti èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ìyá wa ní ọbẹ̀ ẹyìn rẹ̀ kò dùn tó ti ìbílẹ̀, mo sì gbà fún wọn, nítorí ahọ́n wọn ju tèmi lọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àbùdá inú irúgbìn yẹn nínú yàrá ìwádìí. Ọ̀pẹ méjì ni wọ́n gbé níyàwó fúnra wọn.

Gbáàgúdá tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin náà wà. Ní ọdún 2011 ni ìjọba fọwọ́ sí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn, láti ọwọ́ IITA ní Ìbàdàn àti iléeṣẹ́ ìwádìí ti Umudike. Ohun tí ara wa ń sọ di fítámì A ló jẹ́ kí ó ní àwọ̀ yẹn, ìyẹn ohun tí ojú ọmọdé nílò láti ríran dáadáa. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi ní ọjà pé "GMO nìyẹn o, ẹ má jẹ ẹ́." Irọ́ ni. Yíyan òbí àti mímú òbí pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, bí baba ńlá wa ṣe ń yan ìṣu tó dára jù pamọ́ fún gbígbìn. Ẹni tó kọ gàrí yìí fún ọmọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ti pàdánù nǹkan gidi.

Èwo wá ni GMO fúnra rẹ̀? Méjì ló yẹ kí ará Ore mọ̀, nítorí oúnjẹ wa ni méjèèjì. Ọ̀kan ni ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí wọ́n ṣe ní Samaru, Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tí ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2021. Èkejì ni àgbàdo TELA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ohun tí wọ́n ṣe sí méjèèjì jọra. Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis ni orúkọ rẹ̀, tó máa ń ṣe ohun kan tó ń ba ìfun ìdin jẹ́. Wọ́n mú àbùdá tó ń ṣe ohun yẹn, wọ́n fi sínú ẹ̀wà. Ìdin tó ń dá ihò sí pódì ẹ̀wà bá jẹ ẹ́, ó kú. Ìfun ìdin ní ibi tí ohun náà ń dì mọ́. Ìfun ènìyàn kò ní in, omi inú ikùn wa sì ń tú u ká bí ó ṣe ń tú ẹran àti ẹyin ká. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà rárá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fín bakitéríà yìí kan náà sí oko wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àwọn tó ṣe ẹ̀wà náà ní àgbẹ̀ tó ń fín oògùn bí ìgbà mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ lè fín in ní ìgbà méjì báyìí.

Àwòrán àwọn eku tí kókó ńláńlá yọ lára wọn ńkọ́, èyí tí gbogbo wa ti rí lórí fóònù? Láti inú ìwádìí kan tí Séralini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Faransé ní ọdún 2012 ni. Irú eku tí wọ́n lò máa ń yọ kókó bí ó bá ti ń dàgbà, ohun yòówù kí ó jẹ. Iye eku tí wọ́n sì lò kéré jù láti fi dájọ́. Ní 2013, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde fa á padà. Ìwé ìròyìn mìíràn tún un tẹ̀ ní 2014, ṣùgbọ́n àléébù inú rẹ̀ kò torí ìyẹn lọ. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Amẹ́ríkà yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwádìí wò, wọn kò rí ẹ̀rí pé oúnjẹ irúgbìn wọ̀nyí ń pa ènìyàn lára ju ti àtijọ́ lọ.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ká pa ẹnu mọ́? Rárá o. Ìbéèrè tó lágbára wà, ìbéèrè ẹ̀tọ́ sì ni. NBMA, àjọ tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀ láti mójútó ọ̀rọ̀ yìí, ń fọwọ́ sí irúgbìn ní Àbújá. Ẹ̀wà yẹn á wọ ọkọ̀ láti òkè Ọya, á dé Ore nínú àpò, kóńgò ni wọ́n á sì fi wọ̀n ọ́n fún wa. Lébẹ́ẹ̀lì wo ló ń lẹ̀ mọ́ kóńgò? Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ kò mọ̀, ẹni tí kò fẹ́ jẹ ẹ́ kò mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n ṣe ìwádìí. Mo gbà pé ó yẹ kí ará ìlú bèèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé "ta ló bi wá kí wọ́n tó gbé e wá?" jẹ́ ìbéèrè kan, "ṣé májèlé ni?" sì jẹ́ ìbéèrè mìíràn. "Ágíríìkì" ti pò méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń dáhùn èkejì nìkan nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè èkínní.

Ká bọ́ sórí adìẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù.

Ẹ ti gbọ́ ọ: "Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un. Báwo ni adìẹ ṣe máa tóbi báyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?" Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi nǹkan kan hàn ní 2014. Wọ́n mú ìran adìẹ mẹ́ta, ti 1957, ti 1978 àti ti 2005, wọ́n fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà. Ní ọjọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905, ti 1978 wọn 1,808, ti 2005 wọn 4,202. Oúnjẹ kan náà, kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Ìran ló yàtọ̀: wọ́n ti ń yan àwọn tó ń tètè dàgbà láti ìran dé ìran. Adìẹ wọ̀nyẹn ń jìyà o. Ẹsẹ̀ wọn máa ń rọ, nígbà mìíràn ọkàn wọn kì í gbé ara wọn. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lórí oúnjẹ òun, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìdàgbàsókè tí à ń bẹ̀rù, kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni a kì í bèèrè. Adìẹ púpọ̀ nínú ilé kan, ooru, ìgbẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀: àrùn kò ní ṣàì wá. Oògùn apakòkòrò-àrùn ni àgbẹ̀ máa ń pò mọ́ omi wọn, nígbà mìíràn kí àrùn tó dé rárá. Lára àwọn oògùn yìí ni tetracycline wà, tí ènìyàn náà ń lò. Bí adìẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán, oògùn á ṣì wà nínú ẹran àti nínú ẹyin fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní iye ọjọ́ tó yẹ kí àgbẹ̀ dúró kí ó tó tà. Èyí tó burú jù ni pé kòkòrò àrùn tó bá mu oògùn díẹ̀díẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń bá oògùn jà. Lọ́jọ́ tí ọmọ ènìyàn bá ń ṣàìsàn, oògùn tí dókítà fún un kò ní ràn án. Nítorí èyí ni Yúróòpù ṣe fòfin de lílo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láti mú ẹran sanra ní 2006, tí Amẹ́ríkà sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2017 fún àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì fún ènìyàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní ọ̀nà Odigbo. Ó ní kí n bá òun ṣe ètò kékeré kan sórí fóònù: iye ẹyin, iye oúnjẹ, gbèsè àwọn oníbàárà. Mo fi àyè kan kún un: ọjọ́ tí wọ́n lo oògùn kẹ́yìn, kí fóònù lè máa kìlọ̀ pé ẹyin òní kò tíì yẹ ní títà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yọ ìyẹn kúrò jàre. Ta ló máa bi mí?"

Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn gan-an. Òótọ́ ló sọ. Oníbàárà rẹ̀ ń bi í lójoojúmọ́ bóyá ẹyin náà jẹ́ ágíríìkì, ó sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti dáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Ìbéèrè tó lè dà á láàmú, tó lè mú kí ó da ẹyin ọjọ́ márùn-ún nù, kò sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bi í. Àìnítumọ̀ ọ̀rọ̀ wa ni ó fi ń sá lábẹ́ òjò. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a wá ń pa lápálápá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àká àti lórí àtẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. GMO kọ́ ló fà á. Ẹ̀wà GMO kò tíì sí lọ́jà nígbà yẹn. Dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, ìyẹn oògùn tó wà nínú Sniper, tí àwọn kan ń wọ́n sí àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ìbílẹ̀ pátápátá ni! Ìyá mi kan tó ń ta ẹ̀wà ní Ore ṣàlàyé ìṣòro tirẹ̀ fún mi báyìí: "Èyí tí kòkòrò lù, ẹ ò ní rà. Èyí tí kòkòrò ò lù, ẹ ní mo ti fi ògùn sí i. Èwo ni kí n wá tà?" Mi ò ní ìdáhùn kíá fún un, àfi ti àpò alápá mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tí kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn. Ó ní owó rẹ̀ ńkọ́.

Àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o pamọ́ máa ń hu ẹ̀bu kan tó ń ṣe aflatoxin, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tí àwọn ènìyàn gbìn, tí wọ́n kó pamọ́ sílé ara wọn, mú 317 ènìyàn. 125 nínú wọn kú. Lórí àtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, kábáàdì táwọn wẹ́dà ń lò wà tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ títí, nítorí ó lè ní arsenic nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni o.

Gàrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Eku ló ń gbé e. Ìtọ̀ eku lórí oúnjẹ tí a kò bò sì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tó ń gbà dé ara ènìyàn. Kò sí ohun tó jẹ́ ìbílẹ̀ ju gàrí inú oòrùn lọ, kò sì sí ẹni tó bèèrè nípa rẹ̀ pé "ṣé ìbílẹ̀ ni?" pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Àwọn kan á sọ pé ìyá ọlọ́jà kò ní yàrá ìwádìí, pé "ágíríìkì" ni ọgbọ́n tálákà, ọ̀nà kúkúrú láti fura. Mo gba ìyẹn wọlé dé àyè kan. Ahọ́n tó mọ̀ pé ọbẹ̀ ẹyìn yìí kò dùn, ojú tó rí i pé adìẹ yìí kò lè rìn, ìmọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí ènìyàn gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní nǹkan mìíràn tó ń ṣara lóore láti jẹ, tó sì ń jẹ́ kí ó se ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú Sniper torí pé ìbílẹ̀ ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ òdì.

Àléébù ọ̀rọ̀ náà, bí mo ṣe rí i, wà nínú irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Orúkọ ni, kò ní olùṣe. Yorùbá kì í sì í ṣe èdè tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọ́n: wọ́n gbé e níyàwó, wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n fín oògùn sí i, wọ́n kó o pamọ́ nígbà tí kò gbẹ, wọ́n fi kábáàdì mú un pọ́n. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, "wọ́n" wà níbẹ̀. Ẹni kan ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ kan, a sì lè bi í. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Oúnjẹ náà ní ilé mẹ́rin tó ń gbà kọjá, irúgbìn, oko, àká àti àtẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, májèlé ń wọlé láti mẹ́ta tó kẹ́yìn. Irúgbìn nìkan ni orúkọ wa ń tọ́ka sí.

Iṣẹ́ kan kù fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, àti fún àwọn tó ń sọ ọ́ lórí rédíò. Tí NBMA àti NAFDAC bá fẹ́ bá ará Odigbo sọ̀rọ̀, kí a túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe fún wọn, kí a má kàn sọ pé "oúnjẹ yìí dára" tàbí "kò dára". Àti ní ọjà, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò ti àtijọ́. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́yin: "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ fún wọn lóògùn kẹ́yìn?" Lọ́dọ̀ ẹlẹ́wà: "Kí lẹ fi pa kòkòrò rẹ̀, mà?" Wọ́n lè má dáhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹni tí wọ́n bá bi léèmẹ́wàá lóòjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ sílẹ̀.